Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń tọ́jú àwọn ìyá àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, ní Kánádà

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Regina, ní Saskatoon, ní Moose Jaw, ní Yorkton, àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí ń bẹ láàárín wọn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú àgbà, ẹ sì kú òtútù.

Ìyàwó àgbẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ìyá tí ẹ ń wẹ̀ láàárọ̀, tí ẹ ń fi ṣíbí bọ́, tí ẹ ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà kí ẹ̀yìn wọn má baà dégbò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jáde láyé, ìkéde ikú rẹ̀ yóò sọ pé ó fẹ́ràn ọgbà àti búrẹ́dì yíyan, yóò ka orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ó parí. Ọgbà àti búrẹ́dì yẹn bo iṣẹ́ ọgọ́ta ọdún mọ́lẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ bi àwọn ìyá wọ̀nyí léèrè iṣẹ́ wọn nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye àti ìwọ̀n. Àwọn ọmọ wọn lè wà ní Calgary tàbí Toronto. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà ìwẹ̀, nígbà oúnjẹ, ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi oníṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi gùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tí wọ́n bí ní 1930 ṣe àpẹẹrẹ. Orí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ tàbí bàbá-bàbá rẹ̀ gbà lábẹ́ òfin 1872 ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bí i. Òfin yẹn fún ọkùnrin ní 160 ékà lórí owó ìforúkọsílẹ̀ dọ́là 10. Kó tó di tirẹ̀, yóò gbé orí ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta, yóò kọ́lé síbẹ̀, yóò sì ro ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀. Obìnrin kò lè gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá jẹ́ òun nìkan ni olórí ilé, bí opó tó ní ọmọ lọ́wọ́. Orúkọ ọkùnrin ló wà lórí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ náà pàápàá, ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Cree, Saulteaux àti Nakota ni, tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba lábẹ́ àdéhùn Treaty 4 ní 1874 àti Treaty 6 ní 1876. Àwọn ìyá tiwọn náà wà nínú àwọn yàrá tí ẹ ń wọ̀.

Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló wá ro ibẹ̀. Ní 1910 àwọn èèyàn dúdú láti Oklahoma ní Amẹ́ríkà tẹ̀dó sí àríwá Maidstone ní Saskatchewan, wọ́n fi ìtì igi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Shiloh Baptist síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ̀dó sí Amber Valley ní Alberta. Ní oṣù Kẹjọ 1911 ìjọba Wilfrid Laurier, olórí ìjọba Kánádà, fọwọ́ sí àṣẹ pé kí èèyàn dúdú má wọlé fún ọdún kan; oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n fagi lé e. Bí ẹ bá pàdé ìyá dúdú tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, ẹ má bi í pé ìgbà wo ló wọ Kánádà.

Ọmọ ọdún méje ni ìyá wa yìí ní 1937. Lọ́dún náà, ékà àlìkámà kan ní Saskatchewan mú búṣẹ́ẹ̀lì 2.7 péré ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ọdún tó dára máa ń mú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Búṣẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 27. Ọ̀dá ni, tata ni, afẹ́fẹ́ sì ń kó erùpẹ̀ tí wọ́n ti tú kiri ojú ọ̀run. Ìyá ilé a máa ki aṣọ tútù bọ ẹsẹ̀ fèrèsé, a máa dojú àwo dé lórí tábìlì títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyanrìn ni wọn yóò jẹ. Bí ẹ bá rí ìyá tó ń dojú ife rẹ̀ dé, ẹ má tètè kọ ọ́ sínú ìwé pé ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Ẹ bi í bí erùpẹ̀ ṣe ń wọlé nígbà náà.

Àwọn ará ìlà-oòrùn Kánádà fi ọkọ̀ ojú irin kó ápù àti ẹja kọ́ọ̀dù gbígbẹ oníyọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lásìkò náà. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé kò rí irú ẹja yẹn rí. Wọ́n gbé e kaná bó ṣe wà, iyọ̀ kò jẹ́ kó ṣeé jẹ. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti rẹ pánla sómi rí mọ ohun tí wọn kò ṣe: kí ó sùn nínú omi mọ́jú, kí wọ́n da omi náà nù lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí iná tó kàn án. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ẹja yìí lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì sọ bí àwọn ìyá yín ṣe ń se pánla. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gidi ló máa ń bí.

Ìyẹ̀fun máa ń wá nínú àpò òwú funfun tó ń gba pọ́nùn 98. Àpò mẹ́rin ni wọ́n ń rán pọ̀ fún aṣọ ìtẹ́bùsùn kan. Ọ̀kan tó fún ìrọ̀rí tàbí aṣọ ìnuwo. Orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sára àpò ló ń fún wọn níṣẹ́: wọ́n á fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí kẹrosíìnì pa á, wọ́n á ká a sílẹ̀ mọ́jú, wọ́n á wá fi ọṣẹ sè é. Ẹni tó bá kánjú, lẹ́tà á hàn ní ìdí àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí ìyá kó jọ sínú dúrọ́ọ̀, pẹ̀lú okùn àti ọ̀rá búrẹ́dì, ẹ má dà á nù láìbi í.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ ọjọ́ náà dáadáa nítorí òun ló le jù. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń pọn omi. Omi kànga ibẹ̀ kún fún èròjà tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, nítorí náà omi òjò tí wọ́n gbè láti orí òrùlé ni wọ́n ń wá, tàbí yìnyín tí wọ́n yọ́ lórí iná. Korobá yìnyín tuntun mẹ́wàá lè má fún wọn ju korobá omi kan lọ. Bí kò bá sí èyí tí wọ́n lè rí, wọ́n á bu kọ́sítíìkì díẹ̀ sínú omi kànga lórí iná. Ìdọ̀tí funfun á léfòó, wọ́n á ré e kúrò kí aṣọ tó wọ omi. Bí wọn kò bá ré e, á lẹ̀ mọ́ aṣọ, aṣọ á sì le gbandi bí wọ́n bá sá a gbẹ.

Aṣọ funfun ló ń kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n á sè é nínú agbada bàbà gígùn tó ń gba ojú ìdáná méjì, wọ́n á fi ọ̀pá fà á jáde, wọ́n á gbo ó lórí pákó ìfọṣọ, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tún ṣàn án nínú omi búlúù, wọ́n á fi sítáàṣì sí ọrùn ẹ̀wù. Omi kan náà ni aṣọ aláwọ̀ máa ń bá, òun náà ni ṣòkòtò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nílé màlúù máa ń bá gbẹ̀yìn, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á fi fọ ilẹ̀. Ní oṣù Kìíní, nígbà tí òtútù bá dé -30, ìta náà ni wọ́n ń sá a sí. Aṣọ á ti dì kí wọ́n tó fi pẹ́ẹ̀gì mú un tán. Ó sì ń gbẹ, nítorí pé nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn, yìnyín inú aṣọ lè di oru omi láìkọ́kọ́ yọ́ di omi. Ẹni tó bá fi agbára ká aṣọ tó dì, fọ́nrán òwú á ṣẹ́ nínú rẹ̀, aṣọ á sì ya lójú ibi tó ká. Nítorí náà wọ́n á gbé e wọlé ní òró, ṣòkòtò bàbá á dúró tì ògiri títí ooru sítóòfù yóò fi tú u. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á kó irin áyọ́ọ̀nù sórí sítóòfù, wọ́n á máa lo ọ̀kan bí ìyókù bá ń gbóná.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kan iṣẹ́ yín gan-an. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn bá dàgbà, ní alẹ́ Sátidé, nínú ọpọ́n kan níwájú sítóòfù, gbogbo ìdílé nínú omi kan tí wọ́n ń fi omi gbígbóná bù sí. Ìyá tó bá ń kígbe nígbà tí ẹ bá ṣí ṣáwà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi tó ń ṣàn lọ lásán ló ń bà á nínú jẹ́. Ẹ gbìyànjú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́ àti aṣọ ìnura kékeré, ibi kan lẹ́yìn ibòmíràn, kí ìyókù ara wà ní bíbò. Ẹ jẹ́ kó rí ìwọ̀n omi tí ẹ bù.

Owó àlìkámà lọ sí báńkì àti sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ oko. Owó tó ń ra bàtà ilé ìwé, ṣúgà àti kọfí, láti ara kírímù àti ẹyin ni ó ti ń wá, ọwọ́ ìyá ni ó sì sábà máa ń wà. Wọ́n ń fún wàrà láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n á gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tó ń ya kírímù kúrò lára wàrà kí ó tó tutù, nítorí wàrà tutù kì í jẹ́ kí kírímù yà dáadáa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ náà, nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan; àwọn kan ní agogo tí kì í dákẹ́ àyàfi tí eré bá pé. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, kírímù á bá wàrà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, owó lọ nìyẹn. Inú ẹ̀rọ yìí ni àwọn páànù pẹlẹbẹ wà, ó lè ju ogún lọ, tí wọ́n tò léra, tí kò sì gbọ́dọ̀ ṣìpò. Wọ́n á fi wáyà gún un pọ̀ kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ má dàrú, wọ́n á kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́ ṣàn án, lẹ́yìn náà omi gbígbóná, nítorí omi gbígbóná tó bá kọ́kọ́ kàn án á mú kí wàrà gan mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi fífọ̀ rẹ̀ falẹ̀, kírímù ọjọ́ kejì á kan. Kírímù tuntun tó ṣì gbóná kò gbọ́dọ̀ bá ti àná pàdé nínú agolo àyàfi tó bá ti tutù. Inú kànga ni wọ́n ń fi okùn so agolo náà rọ̀ sí nígbà ooru. Ọkọ̀ ojú irin á gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ bọ́tà, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á fi í sí ipele, èyí tó bá kan, owó rẹ̀ á já. Ẹ bi ìyá tí ẹ ń tọ́jú pé màlúù mélòó ló ń fún, ta ló ń fọ páànù, orúkọ ta ló sì wà lórí sọ̀wédowó kírímù. Ìbéèrè kẹta yẹn lè mú ọ̀rọ̀ púpọ̀ jáde.

Nígbà ìpakà, títí dé òpin àwọn ọdún 1940 ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹgbẹ́ ọkùnrin bí 15 tàbí 20 máa ń bá ẹ̀rọ ìpakà kiri láti oko dé oko. Ìyá ilé ló ń bọ́ wọn, ìgbà márùn-ún lóòjọ́: oúnjẹ àárọ̀ kí oòrùn tó là, ìpápánu ní aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé lọ sí pápá, oúnjẹ ọ̀sán, ìpápánu ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ alẹ́. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá ló ń bó ànàmọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni òjò. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀rọ á dúró ṣùgbọ́n ikùn kò dúró. Àwọn ọkùnrin náà á jókòó, wọ́n á máa jẹun láìpakà, ẹran á sì máa bàjẹ́ níbi tí kò ti sí fíríìjì.

Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń pa adìyẹ mọ́ sínú ìgò. Wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó sínú ìgò ńlá pẹ̀lú iyọ̀, wọ́n á fi rọ́bà àti ìdérí dé e, wọ́n á sè é nínú omi tó ń hó fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n á kó o sínú àjàlẹ̀ abẹ́ ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ànàmọ́ àti kárọ́ọ̀tì tí wọ́n bò sínú iyanrìn. Bí ìyá kan bá kọ́ yín ní ìlànà yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìtàn, ẹ má ṣe é nílé. Omi híhó kò gbóná tó láti pa hóró kòkòrò tó ń fa bọ́túlísímù, májèlé oúnjẹ tó lè pani, nínú ẹran; ìkòkò tí wọ́n ń pè ní pressure canner, tó ń dé bíi 116 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń lò báyìí.

Òfin iná mànàmáná ìgbèríko Saskatchewan dé ní 1949, láàárín àwọn ọdún 1950 ni wáyà sì dé ọ̀pọ̀ oko. Ìyá wa ti wọ ilé ọkọ nígbà náà. Ẹ bi í ní ọdún tí iná dé àti ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rà. Ẹ tún bi í ní ìgbà tí omi ẹ̀rọ wọ inú ilé, nítorí kì í ṣe ìgbà kan náà. Ní ilé mìíràn ọdún púpọ̀ ló wà láàárín wọn. Owó ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san ní oṣù Keje 1945, dọ́là 5 sí 8 lóṣù fún ọmọ kan, orúkọ ìyá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ní 1952 àrùn rọpárọsẹ̀ jà gan-an ní Saskatchewan. Ó ṣeé ṣe kí ìyá wa yìí jẹ́ ìyá ọlọ́mọ kékeré nígbà náà. Ètò ìtọ́jú ìlera tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ Saskatchewan sí, kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ Kìíní oṣù Keje 1962.

Ibi tó dùn wá jù rèé. Irene Murdoch, ìyàwó olùsìn màlúù ní Alberta, béèrè ìpín nínú oko nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú. Ó ti gé koríko, ó ti wa tráktọ̀, ó ti gé ìwo màlúù, ó ti fún wọn lábẹ́rẹ́, ó ti fi irin gbígbóná sàmì sí wọn; ọkọ rẹ̀ a máa wà níta fún bí oṣù márùn-ún lọ́dún nítorí iṣẹ́ mìíràn. Adájọ́ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ tí ìyàwó olùsìn màlúù èyíkéyìí ń ṣe ni. Ní 1973 adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kánádà dá ọkọ láre. Adájọ́ Bora Laskin nìkan ló takò wọ́n. Ariwo tó tẹ̀lé e ló ti òfin: ní 1978 ilé ẹjọ́ kan náà dá ìyàwó àgbẹ̀ Saskatchewan kan láre nínú ẹjọ́ Rathwell, láàárín 1978 sí 1980 ni Alberta, Manitoba àti Saskatchewan sì yí òfin ohun ìní tọkọtaya padà. Ẹni ọdún 43 ni ìyá wa nígbà tí Murdoch pàdánù. Títí di 1980, àgbẹ̀ tó bá san owó iṣẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ kò lè yọ ọ́ kúrò nínú owó orí bí ó ṣe lè yọ ti lébìrà. Títí di 1991, ìwé ìkànìyàn iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ní àyè ju ti ẹni kan lọ fún ẹni tó ń darí oko. Obìnrin tó jí ní aago márùn-ún fún ogójì ọdún kò sí nínú ìṣirò.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ bi ìyá náà, ẹ bi ọmọ rẹ̀ tó ní àṣẹ, ẹ sì sọ fún ọ̀gá yín. Ohun tó wà nínú fáìlì ìlera rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ìwé yìí, fọ́tò rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dé WhatsApp. Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan tó, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, tí ó bá ń ká táwẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú yín. Ẹ má bi í bóyá ayé le nígbà náà. Yóò ní kò le. Ẹ bi í pé báwo ni kànga ṣe jìnnà sílé, igi ni tàbí èédú ló wà nínú sítóòfù, búrẹ́dì mélòó ló ń yan lẹ́ẹ̀kan, ta ló gba ẹ̀bí rẹ̀, ọ̀nà là tàbí yìnyín dí i. Bó bá sọ ohun kan lónìí tó sì sọ ọ̀tọ̀ lọ́la, ẹ kọ méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.

Ẹ bi í ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́. Nínú àwọn ìwé ìtàn ìlú tí ọ̀pọ̀ àdúgbò Saskatchewan tẹ̀ ní nǹkan bí 1955 àti 1980, abẹ́ orúkọ ọkọ ni wọ́n sábà máa ń kọ ìyàwó sí, nígbà mìíràn láìkọ orúkọ tirẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń wá a lẹ́yìn ọ̀la kò ní rí i bí kò bá mọ orúkọ méjèèjì. Ẹ kọ orúkọ ilé ìwé tó lọ àti ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ń gbé kírímù lọ, nítorí ọ̀pọ̀ irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ kò sí lórí máàpù mọ́: oko 142,391 ni wọ́n kà ní Saskatchewan ní 1936, 34,128 ni wọ́n kà ní 2021. Bí ìwé bá kún, ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ fún. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ kó ju inú ilé lọ, wọ́n lè béèrè ní músíọ̀mù àdúgbò tàbí ní ibi ìkówèépamọ́ ìpínlẹ̀ ní Regina.

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwa tí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yìí jẹ lógún